Máìlì Méje Tí Olúrótìmí Kò Rìn

Bí ẹ bá bi Olúrótìmí Adéògún léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò ní iléeṣẹ́ epo lòun wà. Kò purọ́. Iléeṣẹ́ epo ńlá kan wà lápá Spring, ní ẹ̀yìn ìlú Houston, ọgbà rẹ̀ tóbi bí odindi ìlú, inú ọgbà yẹn sì ni Olúrótìmí máa ń wà láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ohun tí kì í sábà fi kún un ni pé bọ́ọ̀sì kékeré ló ń wà níbẹ̀, èyí tó ń kó àwọn ẹnjiníà láti ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, kí oòrùn Houston má baà yọ́ wọn kí wọ́n tó dé ibi tí afẹ́fẹ́ tútù wà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà epo ló bá wá sí Amẹ́ríkà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, àwọn ẹnjiníà epo náà ló sì ń gbé kiri. Ta ló wá ní kò dé ibi tó ń lọ?

Ẹ má rò pé ilé tálákà ló ti wá o. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Adéògún, ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé wọn lẹ́bàá Iléṣà, nígbà tí owó ṣì wà nínú kòkó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló wà ní abúlé náà, tiwọn ni. Mọ́tò Píjò funfun ni dírẹ́bà fi ń gbé Olúrótìmí lọ sílé ìwé láràárọ̀, tòun ti sọ́kì funfun tó dé orúnkún àti fúláàsì tí tíì oníwàrà kún inú rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bàbá fi í ránṣẹ́ sí Houston. Kò pẹ́ tí owó kòkó fi wálẹ̀, náírà tẹ̀lé e, Olúrótìmí sì dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan péré. Sáà náà ò tíì parí títí di òní.

Wọ́n ní Houston ni ìlú tí ọmọ ti lè gun àkàsọ̀ kọjá ibi tí bàbá rẹ̀ dúró sí. Olúrótìmí náà ò kúkú jókòó lásán, ó lo àkàsọ̀ tirẹ̀ dáadáa. Òkè ló kàn ti bẹ̀rẹ̀.

Wùmí ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Abúlé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Bàbá Wùmí ń ṣe àgbàro lóko olóko, oko Alàgbà Adéògún sì wà lára àwọn oko náà. Ẹsẹ̀ lásán ni Wùmí fi ń rin máìlì mẹ́ta lọ sílé ìwé láràárọ̀, tó tún ń fi í rin mẹ́ta bọ̀. Ó kàwé títí ó fi di nọ́ọ̀sì, òun ló sì tọ́jú Alàgbà Adéògún nígbà tí àìsàn dá bàbá náà dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni Olúrótìmí ti pàdé rẹ̀ nígbà tó wálé wá wo bàbá rẹ̀, tó sì fẹ́ ẹ. Lónìí, Wùmí ni ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan nílé ìwòsàn ńlá kan. Òun ló ra ilé tí wọ́n ń gbé ní Richmond, lẹ́bàá Houston, ilé oníyàrá mẹ́rin tí koríko iwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju bí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ṣe fẹ́ lọ. Olúrótìmí ló ń gé koríko náà. Ká má parọ́, ó mọ̀ ọ́n gé.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn òbí wa ní Houston tí wọn ò lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ṣe ohun tí kò dáa pẹ́nrẹ́n, bí ó bá fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ nínú àwo, bí ó bá ní bàtà òun ti di ti àtijọ́, òbí á fà á jókòó, á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìyà tí òun jẹ. Kò sí bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí kò fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Kò sí ìyá kan tí kò fi àtùpà kàwé. Tí a bá ro gbogbo máìlì tí àwọn bàbá ṣọ́ọ̀ṣì náà rìn pọ̀, à bá rí i pé wọn ò nílò ọkọ̀ òfurufú rárá, wọn ì bá kúkú ti fẹsẹ̀ rìn dé Houston.

Wàhálà Olúrótìmí ni pé kò ní ìyà kankan tó lè sọ. Èwo ni kó sọ? Pé lọ́jọ́ kan tíì inú fúláàsì tutù? Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Zoe, ọmọ náà sì gbọ́n láti kékeré. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ìyà tó gbópọn. Ni Olúrótìmí bá yá ti ìyàwó rẹ̀ lò.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Wùmí sọ ìtàn náà fún un, lọ́dún àkọ́kọ́ tó dé Houston, lọ́jọ́ kan tí mọ́tò dì mọ́ra lórí òpópónà ńlá tí wọ́n ń pè ní freeway, tí wọn ò sì rí nǹkan mìíràn ṣe. Ó sọ nípa ọ̀nà, nípa odò tó máa ń kún, àti nípa àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Píjò funfun kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sì ta ẹrẹ̀ bo yunifọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tó ní. Ó fọ̀ ọ́ létí odò, ó wọ̀ ọ́ ní tútù, ó sì jókòó ṣe ìdánwò bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ ẹni tó ni Píjò náà. Ọkọ rẹ̀ náà ò bèèrè. Píjò funfun mélòó ló wà lábúlé?

Láti ìgbà tí Zoe ti tó ọmọ ọdún márùn-ún ni ìtàn náà ti di ti Olúrótìmí, ó sì ń dàgbà bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà. Ọjọ́ tí Zoe kọ̀ tí kò jẹ ẹ̀wà, máìlì mẹ́ta di márùn-ún. Ọjọ́ tó gba B nínú ìṣirò, ó di méje. Odò tó máa ń kún ní oṣù kan lọ́dún bẹ̀rẹ̀ sí í kún lójoojúmọ́. Nígbà tó sì yá, ọmọ olówó kan yọ orí jáde láti inú Píjò, ó wo ọmọ tí ẹrẹ̀ bò, ó sì fi í rẹ́rìn-ín. Olúrótìmí ló fi ẹ̀rín náà kún un, kí ìtàn lè dùn. Wùmí a máa wà ní kíṣìnnì, a máa gbọ́, kì í sọ nǹkan kan.

Zoe gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Kì í ṣe pé ó ń gbọ́ ọ bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń gbọ́ ọ, tí wọ́n ń yí ojú. Ọmọ yìí a máa wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nígbà mìíràn, ojú rẹ̀ á sì rọ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, tí àwọn ọmọ dókítà àti ọmọ ẹnjiníà dúró yí i ká, kì í dákẹ́, kì í tijú. Á ní bàbá òun ló rìn jìnnà jù lọ nínú gbogbo bàbá wọn. Nínú gbogbo Amẹ́ríkà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wo Olúrótìmí bí akọni, ọmọ náà nìyẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, Wùmí ń dín dòdò, Olúrótìmí ń mu tíì, ni Zoe bá sáré sọ̀kalẹ̀ láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Daddy! Daddy, wọ́n mú mi! The scholarship! Full ride!"

Àjọ kan wà ní Uptown, àdúgbò olówó ní Houston, tó ń san gbogbo owó yunifásítì fún àwọn ọmọ tí òbí wọn jẹ́ àtàpáta dìde. Zoe ti kọ̀wé sí wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Olúrótìmí dìde, ó gbá a mọ́ra, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kù díẹ̀ kó jó.

"Kí lo kọ sí wọn?" ló bi í.

"About you now! Seven miles, no shoes. Odò yẹn. And that car, Daddy. Wọ́n ní apá ibi mọ́tò yẹn, everybody on the committee cried."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Wùmí nínú ìkòkò òróró. Olúrótìmí rọra tún jókòó. Zoe ò rí i, ó ń ka lẹ́tà lọ: wọ́n fẹ́ ṣe oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ tí wọ́n mú, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí ọjà Galleria, wọ́n sì fẹ́ kí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Wọ́n tún fẹ́ fọ́tò ilé tí wọ́n bí bàbá náà sí.

"Kò sí kámẹ́rà lábúlé wa nígbà yẹn," ni Olúrótìmí dáhùn kíá. Fọ́tò rẹ̀ níwájú Píjò, tòun ti sọ́kì, wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ lókè.

Nígbà tí Zoe gòkè lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Wùmí yọ dòdò nínú òróró, kò yíjú.

"Daddy Zoe. Ọmọ inú mọ́tò yẹn rẹ́rìn-ín?"

"Mo kàn fi mú ìtàn dùn ni, Wùmí."

"Ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ìwé lẹ ń kà."

Fún ogún ọdún ó lé tí wọ́n ti ń sùn lórí ibùsùn kan náà, kò sí ẹni tó tíì la ẹnu sọ ọ́ rí. Olúrótìmí ti ife tíì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé ìwọ ni?"

"Ṣé mo ní kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ ni? Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa fi ojú àánú wò mí, ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ wá gbé e, mo ní kò burú, ó ń ṣiṣẹ́, ọmọ ń kàwé." Ó gbé àwo dòdò síwájú rẹ̀. "Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́ ní Uptown. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ. Èmi kàn rìn ín ni."

Olúrótìmí ò lè jẹ dòdò náà. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé nítorí scholarship ni àyà òun ṣe ń já, pé wọ́n lè gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ tí òun bá sọ òótọ́. Irọ́ ni. Wọn ò ní gbà á padà, òun náà sì mọ̀. Ẹ̀rù ojú Zoe ló ń bà á. Bí ọmọ náà bá mọ̀ pé ọmọ inú mọ́tò ni bàbá òun, kí ló kù? Ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ fún ní gbogbo nǹkan, tí kò sì rí nǹkan kan fi ṣe, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń gé koríko ilé ìyàwó.

Ọjọ́ Àìkú, pásítọ̀ gbọ́ ìròyìn, ó ní kí Olúrótìmí wá jẹ́rìí. Kí ni kó ṣe? Ó jáde, ó rin máìlì méje náà níwájú gbogbo ìjọ, ìjọ pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá nu ojú. Nígbà tí ìsìn parí, Dàpọ̀ tó ní ilé ìtajà oògùn, tí òun náà jẹ́ ọmọ abúlé wọn, dá a dúró níbi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí.

"Bọ̀ọ̀dá Rótìmí, ẹsẹ̀ yín le o! Ṣùgbọ́n ta ló wá máa ń jókòó lẹ́yìn Píjò Bàbá nígbà yẹn?"

Olúrótìmí wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá Zoe wà nítòsí. "Dàpọ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ṣé bàbá tèmi tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ebi pa wá rí? Síbẹ̀, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan là ń pín ní mẹ́fà." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò Tesla rẹ̀. "Gbogbo wa la jìyà, sà."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tu Olúrótìmí nínú. Kò tù ú nínú.

Ọjọ́ oúnjẹ ọ̀sán pé, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n lọ sí Uptown. Hòtẹ́ẹ̀lì náà tutù débi pé àwọn obìnrin ń fi ìborùn bo èjìká nígbà tí oòrùn ìta ń sun ènìyàn láàyè. Wọ́n mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí tábìlì iwájú. Níwọ̀n ìgbà tí Olúrótìmí ò mú fọ́tò wá, àjọ náà ti bá a wá ọ̀kan. Wọ́n gbé e sójú pátákó ńlá lókè: ahéré olórùlé koríko kan, láàárín aṣálẹ̀, pẹ̀lú igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí kò hù rí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àti ewúrẹ́ kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ Adéògún sí. Olúrótìmí wo ahéré náà, ó rántí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá rẹ̀, ojú sì tì í fún bàbá náà nínú sàárè. Ẹni tó kọ́ ilé alájà méjì, tí ọmọ rẹ̀ wá sọ di ọlọ́sìn ewúrẹ́ ní Houston.

Zoe dìde, ó ka ohun tó kọ. Ó kà á dáadáa, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Nígbà tó dé ibi mọ́tò, tí ẹrẹ̀ ta, tí ọmọ olówó rẹ́rìn-ín, ó dúró díẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Wùmí ń wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó ti fi fọ́ọ̀kì to ẹ̀wà aláwọ̀ ewé inú rẹ̀, irú èyí tí òyìnbó ń jẹ tòun ti èèpo, sójú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tíì fi ìkankan sẹ́nu.

Alága àjọ náà, ìyá àgbà òyìnbó kan tí irun rẹ̀ funfun báláú, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá sí tábìlì wọn, omijé wà lójú rẹ̀. Ó ní òun ní ìbéèrè kan péré fún Ọ̀gbẹ́ni Adéògún. Ó ní bí ọmọ inú mọ́tò yẹn bá wà nínú yàrá yìí lónìí, kí ni Ọ̀gbẹ́ni náà máa sọ fún un?

Olúrótìmí gba gbohùngbohùn. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ sílẹ̀, ó wà lápò rẹ̀: pé òun ti dárí jì í. Ó ti ka ìdáríjì náà sórí láti àná. Ó wo Zoe, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń to ẹ̀wà. Ta ni òun fẹ́ dárí jì?

"Ó wà nínú yàrá yìí," ló sọ. "Èmi ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n rò pé ó ń ṣe àwàdà. Ó tẹ̀síwájú. Ó ní bàbá òun ló ni mọ́tò náà. Ó ní òun ò fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé rí lọ́jọ́ ayé òun, òun ò sọdá odò, òun ò sì mọ ẹni tí ẹrẹ̀ ta sí lára nítorí òun ò wẹ̀yìn. Ó ní ìyàwó òun ló rìn ín. Ó ní òun ló jí ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun fi ń tọ́ ọmọ, nítorí òun ò ní nǹkan tòun tó tó tọ́ ọmọ. Ó wá jókòó.

Alága la ẹnu, kò pa á dé. Ọkùnrin kan nínú àjọ náà sáré wá sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, òun náà sọ padà, lẹ́yìn náà ẹ̀rín bo ojú rẹ̀. Ẹ ò rí Amẹ́ríkà bí! Òbí tó jìyà ṣì wà nídìí tábìlì náà, àga kejì ló kàn jókòó sí. Ó ní ìtàn yìí tún wá lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé gbohùngbohùn sí Wùmí lẹ́nu.

Wùmí dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Máìlì mẹ́ta ni," ló sọ. "Kì í ṣe méje." Ó jókòó.

Zoe ò wo bàbá rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò, òun àti ìyá rẹ̀ àti alága, Olúrótìmí sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bá wọn di báàgì mú. Ọmọbìnrin kan tó ń kó àwo bi í pé ṣé dírẹ́bà wọn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n dé ibi mọ́tò, Zoe, tí kì í jókòó síbòmíràn àfi iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ṣí ẹ̀yìn. Ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, ó wọlé tẹ̀ lé e, ó ti ilẹ̀kùn. Àga iwájú ṣófo. Ó dun Olúrótìmí wọra. Ó fẹ́ sọ pé kó má bínú, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló kàn yí. Ó gbé mọ́tò, wọ́n bọ́ sórí freeway, wọ́n dorí kọ Richmond.

"Mummy," ni Zoe ní. "Tell me. From the beginning."

"Ní Yorùbá àbí Gẹ̀ẹ́sì?"

"Yorùbá. Ẹ rọra sọ ọ́."

Wùmí ká ìborùn rẹ̀ sórí itan. "Ìyá mi ló máa ń jí mi. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Á fi iṣu sísè sí mi lọ́wọ́, ó ṣì máa ń gbóná, màá gbé e láti ọwọ́ kan sí ìkejì títí màá fi dé ìdí ọsàn..."

Olúrótìmí pa rédíò. Ó mú ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó dín eré kù, àwọn mọ́tò ńláńlá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fun fèrè mọ́ ọn. Ó ń gbọ́ nípa ìdí ọsàn, èyí tí kò gbọ́ rí, nípa ajá oníkanra kan, nípa ọ̀rẹ́ kan tó máa ń dúró dè é ní ìkóríta. Zoe ń bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ń sọ fún un. Ojú ọ̀nà tí wọ́n máa ń yà sí ilé wọn yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sún mọ́, Olúrótìmí ò yà. Ó wakọ̀ kọjá, àwọn méjèèjì tó wà lẹ́yìn sì rí i pé ó kọjá, wọn ò bá a wí. Nínú ìtàn náà, Wùmí ò tíì dé ilé ìwé.